Kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni sórí pèpéle

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ pé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yín ní Òmù-Àrán fẹ́ ṣe ìpolongo HIV nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá wálé ọdún ní Disẹ́ńbà, pé ẹ ò tíì mọ̀ bóyá rédíò ni kí ẹ náwó lé lórí tàbí ìwọ́de, àti pé ọ̀gá kan ti ṣèlérí láti bá yín mú "ẹnì kan tó ní in" wá kó wá jẹ́rìí fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló jẹ́ kí n dá yín lóhùn. Wọ́n ti mú èmi náà wá bẹ́ẹ̀ rí.

Aránṣọ ni mí, Tanke ní Ìlọrin níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwọn ọmọ yunifásítì ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn. Hóró kan ṣoṣo ni lójúmọ́. Viral load mi, ìyẹn iye kòkòrò HIV tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ti wálẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ò rí i mọ́, ẹni tó bá sì wà nípò yẹn, tí kò fi oògùn rẹ̀ ṣeré, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Àbíkẹ́yìn mi, orí oògùn ni mo wà tí mo fi lóyún rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn olómi tó ń dènà HIV, nevirapine, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí mo bí i, gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ sì ni kò ní nǹkan kan. Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ó ń fi wàhálà rẹ̀ dá mi lágara.

Ohun tí àwọn elétò kan ní kí n wá sọ nìyẹn ní ìlú kan lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ fọ́tò. Wọ́n ní, "Àǹtí, ṣé a ò mọ̀ ni?" A débẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa fún mi, wọ́n ní kí n gun pèpéle. Ọ̀gá wọn gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí n tó lanu, ó fọwọ́ kọ́ mi léjìká, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ rí i bó ṣe rẹwà tó? Ẹ ṣọ́ra o, wọn kì í kọ ọ́ síwájú orí!" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi kan èmi, mi ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ mi tí wọ́n fi gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àlejò pàtàkì ti dé, kí wọ́n lọ pàdé rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń ya fọ́tò. Mo fọwọ́ bojú, mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní fún ìròyìn tí wọ́n máa kọ ni, pé àwọn tó fún wọn lówó fẹ́ rí ẹ̀rí. Kí mọ́tò tó já mi sí gáréèjì Ọ̀fà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fọ́tò náà ti wà lórí Facebook wọn, bánà tí wọ́n kọ HIV gàdàgbà sí wà lókè orí mi. Ẹnì kan já a sí WhatsApp. Ó dé Tanke ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tẹ̀ lé e, torí àwọn ọ̀gá yẹn kì í sí nítòsí tó bá di ibẹ̀ yẹn. Oníbàárà mi kan gbé léèsì wá fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Mo ti lẹ apá kan mọ́ ọn, ìkejì ṣì wà lórí tábìlì. Ó wọlé, kò kí mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀." Ó fi ìka méjì gbé e, ó jù ú sínú lailọọnù, ó ta á ní kókó. Òmíràn mú tépù tirẹ̀ wá láti ilé kí n fi wọ̀n ọ́n. Ìyá ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ tó ku díẹ̀ kó gba fíríidọ̀mù, wá bèèrè lọ́wọ́ mi lójú ọmọ náà bóyá abẹ́rẹ́ mi ti gún un rí. Ó mú un lọ. Nínú ilé tí mo ń gbé, wọ́n ra búútà tuntun fún ara wọn, wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún èmi nìkan. Kò sẹ́ni tó bá mi jà o. Wọ́n kàn ń bomi sí búútà tiwọn, wọ́n ń gbé e wọnú yàrá.

Nígbà tí mo pe ọ̀gá yẹn, ó ní kí n fọwọ́ wọ́nú, pé èmi náà ṣáà gbà láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àrọwà, wọ́n yọ fọ́tò náà kúrò. Fọ́tò tó ti wọ fóònù aráyé! Òfin kan sì wà ní Nàìjíríà láti 2014 tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dẹ́yẹ sí ẹni tó ní HIV, tó sì dáàbò bo àṣírí rẹ̀. Ọ̀gá yẹn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ náà gan-an.

Nítorí náà, tí ọ̀gá tiyín bá mú ẹnì kan wá, ẹ kọ́kọ́ pe onítọ̀hún sẹ́yìn, kí òun nìkan sọ ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi í pé ta ni yóò dúró tì í tí ìlú bá gbọ́. Tí kò bá lè dárúkọ ẹnì kankan, ẹ má jẹ́ kó gun pèpéle. Ohùn rẹ̀ lórí rédíò láìdárúkọ tó.

Pósítà tí wọ́n ya agbárí òkú sí, ẹ bá mi fà á ya. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún àwọn elétò ìlera pé ẹ̀rù ló ń gbé ọ̀dọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti sọ fún pé ikú ni, kí ló fẹ́ lọ yẹ̀ wò? Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49 ló ní kòkòrò náà. Tí igba èèyàn bá jókòó síwájú yín, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà láàrin wọn, kó máa gbọ́ gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí ẹ ń fi í ṣe.

Ìwé sí káńsù, ìwé sí ààfin Ọlọ́mù, nọ́ọ̀sì láti ọsibítù ìjọba, kọ́ńdọ̀mù, ẹ mọ ìyẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. Tí ẹni mẹ́wàá bá wọlé tí wọ́n tètè jáde, tí ẹni kọkànlá wá pẹ́ níbẹ̀, ọjà ti mọ èsì rẹ̀ nìyẹn. Kí gbogbo ẹni tó bá wọlé pẹ́ bákan náà, kí ọ̀nà àbájáde sì yàtọ̀ sí ọ̀nà àbáwọlé. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ááfà tó ń gba ìwé àyẹ̀wò kí ẹ tó so yìgì, mo mọ̀ pé ẹ ń ka ibí yìí: àwọn méjèèjì ló ni èsì náà, ìgbìmọ̀ kọ́ ló ni ín.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa bèèrè jù ni ti kọ́ńdọ̀mù tó bẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, tó lè dènà HIV lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin wákàtí 72, kíákíá ló dáa jù, kí wọ́n sì lò ó fún ọjọ́ 28. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe lọ́jọ́ kejì ò lè sọ nǹkan kan fún wọn. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó hàn, kí wọ́n padà lọ.

Ẹ ṣọ́ àwọn tó ń ta àgbo nínú mọ́tò pẹ̀lú. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ tó ń bá wa ra oògùn dúró ní January 2025, jìnnìjìnnì bá gbogbo wa níbi tá a ti ń gba oògùn. Obìnrin kan tá a jọ máa ń jókòó ra ìgò àgbo kan tí wọ́n ní ó ń wò ó sàn pátápátá, ló bá pa hóró rẹ̀ tì. Wọ́n gbé e padà wá nígbà tó yá, kò lè dá rìn.

Rédíò tàbí ìwọ́de lẹ bèèrè, mo ti fẹ́ gbàgbé. Rédíò ni. Kí ó jẹ́ lálẹ́, kí wọ́n lè pè wọlé láìsọ orúkọ, kí nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá tó máa ka ìwé. Ìwọ́de, ẹni tó ń ran ṣẹ́ẹ̀tì ló ń jèrè rẹ̀, aránṣọ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Tówó bá ṣẹ́kù, ẹ lọ bá àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù hàn kí wọ́n fún yín láyè díẹ̀ tí wọ́n bá ti fọn fèrè ìdajì.

Nọ́ọ̀sì kan wà tí mo lè bá sọ̀rọ̀ fún yín, ó máa ń lọ sórí rédíò. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má fi nọ́ńbà yín síta gbangba níbí, kí ẹ sì sọ ohun tí ọ̀gá yẹn bá fèsì tí ẹ bá ní kò sí fọ́tò.