Sí àbúrò tí ojú ń ta lẹ́yìn iṣẹ́ jórinjórin

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní o bá ọ̀gá rẹ di irin mú títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sí ohun tó ṣe ọ́ nígbà tí ẹ ń palẹ̀ mọ́, àfi bí ojú méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ́ láàárín òru bí ẹni pé wọ́n da ata sí i, tí omi ń dà lójú rẹ, tí o kò sì lè wo iná. O ní ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù ní kí o wá omi ọmú abiyamọ kán sí i, ẹlòmíràn ní kí o lọ ra oògùn ìkánsójú ní kẹ́mísì, o sì ń bèèrè bóyá ojú rẹ yóò fọ́, àti bóyá kí o kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́, o kú ìrora. Iṣẹ́ yìí kan náà ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ iṣẹ́, ojú òsì mi sì ní àpá tí kò ní parẹ́ mọ́, nítorí náà ohun tí ojú mi ti rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ohun tó ń ṣe ọ́ lálẹ́ yẹn kì í sábà fọ́ni lójú. Iná wẹ́dà máa ń tú ìtànṣán kan jáde tí ojú kò lè rí, òun ló sì jó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níwájú ẹyinjú rẹ. Ìrora rẹ̀ kì í yọjú lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí 6 sí 12 kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí ibùsùn ló ti máa ń ká ọ̀pọ̀ nínú wa mọ́. Awọ náà a máa hù padà fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 1 sí 3. Fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, jókòó sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, pa ojú dé kí o sì fi aṣọ mímọ́ tí o rẹ sínú omi tútù lé ìpéǹpéjú rẹ, kí o lo parasitamọ́ọ̀lù bí ara rẹ bá gbà á. Má fi ọwọ́ ra á rárá. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí kò dẹwọ́, tàbí tí ìríran rẹ ṣì ṣú, dókítà ojú ni kí o lọ bá. Bí ó bá sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń ta ọ́ nígbà mìíràn, má tètè gbà pé iná ló fà á, nítorí ojú méjèèjì ni iná sábà máa ń mú. Ó ṣeé ṣe kí irin wà nínú èyí tó ń dùn ọ́.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí fún ọ ni ohun tí wọ́n fẹ́ kí o kán sí i. Omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà, gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, ojú tí awọ rẹ̀ ti bó kò sì ní ohun tí yóò fi lé kòkòrò àrùn tó wà nínú wọn padà. Ti kẹ́mísì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó kọ́kọ́ máa ń dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Oríṣi kan wà tó ń mú ojú kú tipiri. Bí o bá ń kán an léraléra, kò ní jẹ́ kí awọ náà hù, ó sì lè ba ojú náà jẹ́ pátápátá. Oríṣi kejì ni àwọn tó ní dexamethasone (irú oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan) nínú, tó máa ń mú kí pípọ́n ojú lọ kíákíá, ṣùgbọ́n tó lè gbé ìfúnpá inú ẹyinjú ga, tó sì lè fún àrùn tó wà nílẹ̀ ní ààyè láti gbèrú. Dókítà máa ń lo méjèèjì, ṣùgbọ́n òun ti wo ojú náà kó tó lò ó.

Èyí tó ń mú ojú kú yẹn ni wọ́n kán sí tèmi. Mo ń fi òòlù gbá ìdàrọ́ kúrò lára irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, ọ̀kan sì ta sí mi lójú òsì. Wọn kò fún ọmọ iṣẹ́ kankan ní awò nígbà náà. Oògùn kẹ́mísì yẹn gba ìrora náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó padà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún kán an, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí nǹkan funfun fi yọ lójú mi. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé orí irin kan kí n sì fi iwájú orí ti òkè rẹ̀, dókítà kán aró kan sí i tó máa ń tàn ní àwọ̀ ewé lábẹ́ iná búlúù, ó sì ní kí n tẹjú mọ́ etí òun, kí n má mira. Mo rí i bí ẹnu abẹ́rẹ́ ṣe ń súnmọ́ mi, n kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Irin náà jáde, ṣùgbọ́n ó ti dípẹtà, ìpẹtà rẹ̀ sì ṣẹ́ kù yíká ojú ihò náà, èyí tí wọ́n ní láti há kúrò lọ́jọ́ mìíràn, egbò tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pẹ́ kó tó jiná. Títí di òní, bí mo bá ń wakọ̀ lálẹ́, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ máa ń fọ́n ká ní ojú òsì mi.

Nítorí náà, ohun méjì ni kí o ní, kí wọ́n jẹ́ tìrẹ. Àkọ́kọ́ ni ìbòjú wẹ́dà tó ní dígí tòótọ́. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sára dígí náà: 10 sókè ni kí o wá fún iná ẹlẹ́tíríìkì, nígbà tí nǹkan bíi 5 tó fún gáàsì. Awò dúdú tí wọ́n ń wọ̀ nítorí oòrùn kò lè dúró fún un, bí ó ti wù kó dúdú tó. Èkejì ni gọ́gùlù tí dígí rẹ̀ mọ́ gaara, tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, tí o máa wọ̀ sábẹ́ ìbòjú yẹn, nítorí pé ìgbà tí a bá ṣí ìbòjú láti gbá ìdàrọ́ tàbí láti lọ irin ni nǹkan máa ń ta síni lójú jù. Ìwọ tó ń di irin mú náà nílò méjèèjì, kì í ṣe ẹni tó di iná mú nìkan. Ìtànṣán yẹn a sì máa ta padà lára ògiri àti páànù, nítorí náà ẹ fi nǹkan gá ibi tí àwọn ọmọdé ń gbà kọjá.

Bí nǹkan bá wọ̀ ọ́ lójú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi etí hańkáṣíìfù tàbí igi ìṣáná wá a. Omi tó mọ́ ni kí o fi ṣàn án. Bí kò bá jáde, tàbí tó jẹ́ pé ibi tí irin ti ń lu irin ló ti fò wá, má ṣàn án mọ́, má tẹ̀ ẹ́, fi ìdí ife oníke tó mọ́ bò ó láìjẹ́ kó kan ẹyinjú, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Irin bẹ́ẹ̀ lè gún ẹyinjú wọnú kí ìrora rẹ̀ má sì tó nǹkan. (Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, yẹ̀ ọ́ wò lọ́jọ́ iwájú, sọ iṣẹ́ tí o ń ṣe fún wọn kí o tó wọ yàrá rẹ̀, nítorí òòfà inú rẹ̀ lè ṣí irin tó fara pamọ́ sójú nípò.) Ásíìdì bátìrì yàtọ̀: omi ni lójú ẹsẹ̀, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó ronú ọkọ̀.

O mẹ́nu ba ìyá bàbá rẹ tí glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́, fọ́ lójú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn afọ́jú tó ti pé ẹni 40 ọdún, nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 ni glaucoma fà tiwọn. Kì í sábà dunni, ẹ̀gbẹ́ ìríran ló kọ́kọ́ máa ń jẹ, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà, àmọ́ oògùn lè dá èyí tó kù sí. Nítorí pé ó ń rìn nínú ìdílé, kí ìwọ àti bàbá rẹ lọ yẹ ìfúnpá ojú àti iṣan ẹ̀yìn ojú wò.

Má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá sí oníbàárà nítòsí, kí o ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ máa wọ gọ́gùlù, kí n lè pẹ́ lọ́dọ̀ yín.” Bí wọn kò bá gbọ́, bẹ àgbà kan nínú ẹgbẹ́ kó bá ọ bá wọn sọ ọ́. Bí o bá sì ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, irú irin tí ẹ ń jó àti bóyá òòlù wà níbẹ̀, kí o sì mú ìgò ohunkóhun tí wọ́n ti kán sí i dání.