Ìdí tí ilẹ̀ fi ṣú níbì kan tí oòrùn sì ń ràn níbòmíràn nínú Dunkirk

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè ìdí tí ilẹ̀ fi ṣú níbì kan tí oòrùn sì ń ràn níbòmíràn nínú Dunkirk (2017), fíìmù Christopher Nolan nípa bí wọ́n ṣe kó àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní etíkun Dunkirk ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó to àwòrán fíìmù náà pọ̀ kò ṣàṣìṣe bẹ́ ẹ ṣe rò. Ìtàn mẹ́ta ló ń lọ pọ̀: ti etíkun gba ọ̀sẹ̀ kan, ti ojú òkun gba ọjọ́ kan, ti òfuurufú gba wákàtí kan. Fíìmù náà ń fò láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, torí náà ó lè jẹ́ òru nínú ọ̀kan kó jẹ́ ọ̀sán nínú èkejì. Wọ́n kọ iye àkókò yìí sójú fíìmù níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ kọjá.

Ẹ tún wo ọmọ ogun tí Cillian Murphy ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan tó ń lọ gba àwọn ọmọ ogun là gbé e lójú omi, ńṣe ló ń gbọ̀n, kò fẹ́ padà sí Dunkirk rárá. Lẹ́yìn náà la wá rí i lóru, nínú ọkọ̀ mìíràn, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń pàṣẹ fáwọn tó wà nínú omi. Èyí tá a rí kẹ́yìn ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀! Ó dùn mí wọra nígbà tó yé mi: a ti rí ohun tí ogun sọ ọ́ dà ká tó mọ irú ẹni tó jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ọgbọ́n yìí nínú fíìmù tiyín, àfi kí ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé níbì kan. Ti Dunkirk pàdé níbi tí epo ti dà sójú òkun tó sì gbiná. Tí tiyín ò bá ní pàdé, ẹ kúkú sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra.