Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Igi: Ife Ẹlẹ́sẹ̀ Láti Ara Igi Tútù

*Ìbéèrè lórí ife onígi tí a fi ẹ̀rọ léètì (ẹ̀rọ tí ń yí igi kí irin lè gbẹ́ ẹ) yí pọ̀ nínú lẹ́tà oṣù yìí, pàápàá láti Òṣogbo. Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú: ikùn ni a ó máa pe ibi tó jin lókè ife, ọ̀pá ni ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ìdí sì ni ibi tí ife fi ń dúró.*

Ẹsẹ̀ àga àti òpó àtẹ̀gùn ni mò ń fi ẹ̀rọ léètì ṣe. Wọ́n ní igi tútù rọrùn ún gbẹ́ ju igi gbígbẹ lọ, mo bá fi ẹ̀ka máńgòrò kan ṣe ife ẹlẹ́sẹ̀. Ó dára gan-an lálẹ́, àmọ́ kílẹ̀ tó mọ́, ìdí rẹ̀ ti sán dé àárín. Kí ló fà á? (Oníṣẹ́ àga, Alékúwódò)

Ẹ ò sọ bí ìdí ife náà ṣe nípọn tó, ṣùgbọ́n lẹ́tà yín ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ikùn ò sán, ọ̀pá ò sán, ìdí nìkan ló sán. Ibẹ̀ ló nípọn jù.

Omi méjì ló wà nínú igi tútù. Ọ̀kan wà nínú àwọn ihò tín-ín-tìn-ín inú igi; ìyẹn lè gbẹ tán kí igi má mira. Èkejì wà nínú ara ògiri àwọn ihò náà. Nígbà tí omi bá ti dín kù dé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n igi náà nígbà tó bá gbẹ pátá, omi kejì yìí ló kàn tí yóò máa jáde, ìgbà náà ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Kì í sì í súnkì bákan náà níbi gbogbo. Ní gígùn, ìsúnkì rẹ̀ kò tó nǹkan. Láti èèpo lọ sí ọkàn igi, ó ń súnkì díẹ̀. Ní yíká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Ẹ wá wo ìdí ife tó nípọn tí ọkàn igi sì wà láàárín rẹ̀: ara òde ti ń gbẹ, ó fẹ́ fún mọ́ra, inú ṣì tutù, kò gbà fún un. Ara òde á ya.

Bí igi bá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mílímítà 2 tàbí 3, tinú tòde rẹ̀ á jọ gbẹ, á lọ́ dípò kó sán. Etí ife tó rí róbótó lálẹ́ lè rí bí ẹyin tó bá di ọjọ́ kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ róbótó tí kò ní yí padà, kó lọ lo igi gbígbẹ.

Ní ti ìdí, ẹ má jẹ́ kó ju mílímítà 4 lọ létí, kí ẹ sì gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ ní kòtò díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti gé e já, ẹ kán súpágúlù tó ṣàn bí omi sí ojú ọkàn igi tó wà láàárín, kó tó yanu. Èyí tó ki bí oyin kò ní wọlé.

Igi wo ló dára jù? Ṣé mo lè ṣa ẹ̀ka tó já lulẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun? (Ọmọ iṣẹ́, Òkè-Baálẹ̀)

Igbó Ọ̀ṣun ká kọ́kọ́ mú kúrò: rárá, kódà ẹ̀ka tó já fúnra rẹ̀. Gbogbo hẹ́kítà 75 igbó náà ni òfin dáàbò bò, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé láti ọdún 2005, ká má tíì sọ ti ẹni tó ni igbó. Ẹ ò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Àwọn tó ń gé ẹ̀ka tó ń da ewé sórí páànù ilé kún ìgboro, ọ̀pọ̀ wọn á sì dúpẹ́ pé ẹ bá wọn kó o.

Gúáfà àti ọsàn ni a fẹ́ràn jù. Wọ́n le, ojú wọn dán bí irin bá mú, àwọ̀ wọn kò sì dúdú, ìyẹn á wúlò nígbà tí ẹ bá ń fi iná wo bí ikùn ṣe nípọn tó. Máńgòrò ń ya ní òwú-òwú bí irin bá ti kú díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì tètè ń bàjẹ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Dóńgóyárò dára. Tíìkì ń pa ojú irin. Arère rọ̀ jù fún ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún oje kajú, ó ń bó ara. Eruku ìrókò náà ń yọ imú lẹ́nu, ẹ lo ìbòmú bó bá ti di sáńpépà.

Ẹ wá ẹ̀ka tó dúró ṣánṣán, tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 8 sí 10. Ẹ má mú ẹ̀ka tó nà gbalaja. Bí ẹ bá gé e, ẹ ó rí i pé ọkàn rẹ̀ kò sí láàárín gbùngbùn. Irú igi bẹ́ẹ̀ ti ń fa ara rẹ̀ látìgbà tó ti wà lórí igi, ọ̀pá ife tí ẹ bá fi ṣe á tẹ̀ síbi tó wù ú. Ẹ gé e ní sẹ̀ńtímítà 35 bó tilẹ̀ jẹ́ pé 25 lẹ máa lò, nítorí ojú méjèèjì tí ayùn gé ló máa kọ́kọ́ sán. Bí kò bá sí àyè láti ṣe é lọ́jọ́ náà, ẹ yọ́ àbẹ́là sí ojú méjèèjì kí ẹ sì dì í sínú nylon, tàbí kí ẹ rì í sínú korobá omi.

Bí ẹ bá fẹ́ kí èèpo igi ṣẹ́ kù yí etí ife ká, ẹ má gé ẹ̀ka nígbà tí igi ń rúwé tuntun. Oje ń sáré lábẹ́ èèpo nígbà náà, á kàn bọ́ sílẹ̀ ni. Súpágúlù ṣíṣàn yíká ibi tí èèpo ti pàdé igi náà ń ràn án lọ́wọ́.

Mo máa ń gbẹ́ ìta rẹ̀ tán, ikùn, ọ̀pá àti ìdí, kí n tó wá gbẹ́ inú. Ọ̀pá máa ń ṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Níbo ni àṣìṣe mi wà? (Òkè-Fíà)

Níbi ètò iṣẹ́ ni. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè ru ikùn tí irin ń tì síwá sẹ́yìn. Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni a ń ṣe ife ẹlẹ́sẹ̀: inú ikùn, ìta ikùn, ọ̀pá, ìdí. Igi tó nípọn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ibi tí ẹ ń gbẹ́ nígbà gbogbo.

Ẹ fi igi sáàárín orí méjèèjì ẹ̀rọ, kí ẹ fi ìyípo 600 sí 800 ní ìṣẹ́jú kan yí i títí yóò fi rí róbótó. Ẹ gbẹ́ kùkùté sí òpin kan fún chuck, irin eléyín tí ń di igi mú lórí ẹ̀rọ: fún chuck tí eyín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 50, kí kùkùté fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó sì gùn ní mílímítà 6 sí 8. Kó má kan ìsàlẹ̀ chuck. Èjìká igi ló yẹ kó jókòó lórí eyín. Igi tútù máa ń fún mọ́ra lábẹ́ eyín irin, nítorí náà ẹ pa ẹ̀rọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tún chuck fún. Ọ̀pọ̀ ife tó fò kúrò lórí ẹ̀rọ, ibí yìí ni wọ́n ti gbàgbé. Ẹ wọ ìbòjú, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ bùbá alápá gbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé ìyípo lọ sí 1000 sí 1200. Ẹ gbẹ́ ìta ikùn wọ̀nwọ̀n, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì nípọn. Ẹ fi díríìlì mílímítà 10 lu ihò sáàárín, kó jin ní sẹ̀ńtímítà 6. Ẹ lẹ téèpù mọ́ irin díríìlì kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ máa dúró. Láti inú ihò yìí ni gọ́ọ̀jì (irin ìgbẹ́gi tó ní kòtò) á ti máa gbẹ́ bọ̀ síta, láti àárín sí etí. Ẹ yí kòtò gọ́ọ̀jì sápá òsì, síbi tí 10 wà lójú aago. Bí ẹ bá gbẹ́ láti etí lọ sí àárín, ẹnu irin á bá òpin okùn igi pàdé láìsí ohun tó tì wọ́n lẹ́yìn, á fà wọ́n ya, ó sì lè já ife gbà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ parí etí kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ mú etí wá sí mílímítà 2 tàbí 3, inú àti ìta, lẹ́yìn náà sẹ̀ńtímítà kan sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn. Ẹ má padà sókè. Láàárín ogún ìṣẹ́jú péré, etí ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́; irin tó bá padà débẹ̀ á máa kan ibì kan, á máa fo ibì kan, yóò sì fọ́ ọ. Láti mọ bó ṣe nípọn tó, ẹ pa iná yàrá díẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sẹ́nu ife. Igi tútù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá bí ó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tó ṣókùnkùn ló ṣì nípọn. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe gílóòbù tó so mọ́ iná ilé, torí omi igi á máa ta kiri.

Sáńpépà máa ń dí lára igi tútù. Ẹ lo irú èyí tó ń gba omi, ẹ máa tì í bọ omi, nọ́mbà 120, lẹ́yìn náà 180 àti 240, kí ìyípo má ju 500 lọ. Ẹ parí ikùn pátápátá báyìí, torí kò ní sí àǹfààní míì.

Ọ̀pá ló kàn. Ẹ fi tíṣù kún ikùn, kí ẹ mú orí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wá fara kàn án jẹ́jẹ́, kó kàn dúró tì í. Bó bá tì í, ọ̀pá á tẹ̀. Ẹ gbẹ́ sẹ̀ńtímítà 2 lẹ́ẹ̀kan: ẹ mú un tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sáńpépà pa á, ẹ sọ̀kalẹ̀. Mílímítà 6 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 4 fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ òrùka tí ń rìn lórí ọ̀pá láìlè bọ́, ibẹ̀ ni ẹ máa fi igi tó fẹ̀ ní mílímítà 5 sílẹ̀ fún un, kí ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Ẹ pa òrùka ní sáńpépà kó tó já.

Ìdí ife yẹ kó fẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹnu rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ṣubú. Ẹ gé e já títí yóò fi ku bíi mílímítà 8, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi ayùn gé ìyókù.

Iná máa ń lọ lágbedeméjì. Kí ni kí n ṣe? (Ìgbọ̀nà)

Ó dá lórí ibi tí ẹ dé. Bí ikùn bá ti parí, ẹ má fòyà. Ẹ ò kúkú ní padà síbẹ̀. Ẹ ró aṣọ tútù mọ́ igi tó kù, kí ẹ fi nylon bò ó, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú chuck. Ó lè di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ikùn bá ṣì wà ní ìdajì tó sì ti tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kó èérún igi tútù sínú rẹ̀ kí ẹ sì di gbogbo rẹ̀ pọ̀; wákàtí méjì mẹ́ta ló lè fún yín. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fọwọ́ àti sáńpépà parí rẹ̀, ẹ má fi irin kàn án mọ́. Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀, kó yẹ epo rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ inú.

Ṣé a lè fi mu ẹmu? (Ọjà Ọba)

Rárá. Ojú okùn igi ló wà ní ìsàlẹ̀ ikùn, ẹmu á rọra gba ibẹ̀ jò. Ahá ṣì wà.

Ọwọ́ mi àti igi ń dúdú, àdánù sì pọ̀ lásìkò ọyẹ́. Báwo ni kí n ṣe gbẹ ife tí mo bá ti yí tán? (Òkè-Baálẹ̀)

Àwọ̀ dúdú yẹn, ohun kan tó wà nínú oje igi ló bá irin pàdé nínú omi. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ nu ún, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ nu ẹ̀rọ gbẹ kí ẹ sì fi epo díẹ̀ pa á, torí oje igi tútù ń mú irin dípẹtà lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ní àkókò ọyẹ́, ẹ fi ìwé ìròyìn ìpele méjì mẹ́ta wé ife, kí ẹ gbé e sínú páálí tí ẹ bò pa, jìnnà sí fèrèsé. Ní àsìkò òjò, ìpele kan tó, ẹ má sì lo nylon rárá, á bu. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá dín kù mọ́, ó ti gbẹ. Ife tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè fi ìda oyin tàbí fáníìṣì pa á. Ẹ má lo òróró ẹ̀pà. Kì í gbẹ, á máa lẹ̀ mọ́ eruku.