Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka owó omi mọ́ owó ilé-ìwé

Mo rí ìbéèrè yín, ẹ̀yin akọ̀wé SBMC, ìgbìmọ̀ òbí àti ará ìlú tó ń bójú tó ilé-ìwé, ní erékùṣù lápá Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ ní tíṣà méjì ló wà fún kíláàsì mẹ́fà, wọ́n sì ń sọ fún yín pé iye orí ọmọ ni wọ́n fi ń pín nǹkan. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ìbílẹ̀ lẹ ó kọ̀wé sí ni àbí SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Èmi ṣe alága irú ìgbìmọ̀ yẹn lórí omi Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ojú mi rí màbo. Ẹ fara dà á fún mi, inú ṣì ń bí mi.

Lẹ́tà kíkọ ò le. Ẹ kọ ọ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ó parí.

Iye orí ọmọ yẹn ló dà wá láàmú. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ọ́fíìsì tí mi ò ní dárúkọ ní ọmọ tiwa kéré, tíṣà kan ṣoṣo ló tọ́ sí wa. Mo ní, "Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ wá kà wọ́n?" Ó ní ó wà nínú ìwé. Ìwé wo? Ọjọ́ tó yẹ kí àwọn tó ń kà wọ́n dé, omi ru, ọkọ̀ kankan ò gbéra. Wọ́n jókòó sí èbúté, wọ́n pe ọ̀gá ilé-ìwé wa lórí fóònù, wọ́n ní kó máa ka iye ọmọ fún àwọn. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì orí omi, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀nba tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n kọ, kíláàsì mẹ́ta péré ló wọnú ìwé. Ẹni tó yẹ kó wá ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn náà ò sì fẹ́ràn omi rárá. Ó ní kí ọ̀gá ilé-ìwé gbé ìwé àlejò wá bá òun ní èbúté. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ ló ti buwọ́ lù ú, ó kọ ọ́ pé ohun gbogbo wà ní ipò tó dára, ó ṣíná sí mọ́tò, ó lọ. Afẹ́fẹ́ ti ṣí ìdajì páànù wa lọ nígbà yẹn o!

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí po. Torí pé tíṣà ò sí, àwọn òbí ń kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àǹtí ní Igbókòdá àti Òkìtìpupa. Bí ọmọ ṣe ń dín kù, wọ́n ní àwọn ò lè fi tíṣà kún tiwa. Ẹ ṣáà kọ èyí sínú lẹ́tà yín: iye ọmọ tó wà ní erékùṣù tó yẹ kó wà ní ilé-ìwé, yàtọ̀ sí àwọn tó wà nínú rẹ́jísítà. Ẹ gba ilé dé ilé, ẹ fúnra yín, ẹ kà wọ́n.

Ti ilé kíkọ́ tún burú ju ìyẹn lọ. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí kíláàsì tuntun fún wa, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí BOQ, ìwé tí wọ́n kọ iye owó iṣẹ́ sí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni "yanrìn, tipà mẹ́ta". Tipà! Níbi tí kẹ̀kẹ́ ológeere gan-an ò dé rí. Iṣẹ́ ilé-ìwé orí ilẹ̀ ni wọ́n dà kọ, orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà. Agbaṣẹ́ṣe dé èbúté, ó bèèrè iye tí wọ́n ń gbé àpò sìmẹ́ńtì kan lórí ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ ò padé mọ́. Ó gbé díẹ̀ wá, ìgbì ta omi sí i, gbogbo àpò tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ dì gbagidi. Ó mọ ògiri dé líńtẹ́ẹ̀lì, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn apẹja wá sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń sá àwọ̀n. Nínú ìwé tiwọn lọ́ún, "iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́".

Nítorí náà, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ṣàánú erékùṣù. Ẹ ní kí wọ́n ka owó omi, ìyẹn owó gbígbé nǹkan lórí omi, mọ́ owó ilé-ìwé. Bí wọ́n bá fún ilé-ìwé orí ilẹ̀ àti tiyín ní iye kan náà, tiyín ti kéré kí ó tó kúrò ní èbúté. Ẹ fa ìlà sáàárín pépà. Ẹ kọ iye tí nǹkan jẹ́ ní èbúté sí apá kan, kí ẹ kọ iye tó máa jẹ́ nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì sí apá kejì: àpò sìmẹ́ńtì, pákó, páànù, páálí ṣọ́ọ̀kì, owó ọkọ̀ tíṣà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ó kọ ọ́ tí wọn ó kàn tẹ àtàǹpàkò. Iye ti ìsinsìnyí ni kí ẹ lò o. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ àtijọ́ ò ṣe é mú dúró mọ́. Irú pépà yẹn ló mú kí wọ́n tún BOQ wa kọ, tí owó ọkọ̀ ojú omi fi wọ inú rẹ̀. Kíláàsì náà ti ní òrùlé báyìí.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé kò sówó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba ti UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín owó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀. Òfin UBE, ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ọdún 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3. Àmọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé counterpart, ìyẹn owó tirẹ̀, kalẹ̀, kó má dín sí ìdajì owó iṣẹ́ náà. Èyí tí ò bá gbé e kalẹ̀, owó rẹ̀ á sùn sí Àbújá. Kí ìwé ìṣúná tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ni kí ẹ ti pariwo, torí lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Tí wọn ò bá fèsì, ẹ lo òfin Freedom of Information ti 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tó wà nínú ìwé ìjọba. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní, ẹ ò sì ní láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ mọ̀. Òṣìṣẹ́ kan á sọ pé òfin àpapọ̀ ò kan ìpínlẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti yanjú ìyẹn ní oṣù kẹrin 2025, ó kàn wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún lóyà. Ọ̀kan gba owó tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja dá jọ, ó ní a ó fi abala 18 ìwé òfin 1999, tó ní kí àǹfààní ẹ̀kọ́ dọ́gba, pe ìjọba lẹ́jọ́. Kò sọ fún wa pé abala 6(6)(c) inú ìwé kan náà ti ká ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ kò lórí abala yẹn. Ó mọ̀ o. Owó ò padà, ẹja gbígbẹ tí wọ́n dì fún un náà ò padà.

Ní ti tíṣà, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2020 ni ààrẹ Buhari kéde owó àjẹmọ́nú fún tíṣà tó bá lọ sí ìgbèríko. Ìkéde nìyẹn, ọwọ́ ìpínlẹ̀ yín ni sísan wà. Ẹ bèèrè rẹ̀, àmọ́ yàrá tí tíṣà ó máa sùn ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹni tó bá ń wọkọ̀ wá lójoojúmọ́ á dé ní aago mẹ́wàá, tó bá fi di aago kan, ojú òfuurufú ló ń wò.

Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì náà ńkọ́? Ti àgbàlagbà ni wọ́n kó fún àwọn ọmọ wa. A wọ̀ ọ́ fún ọmọ ọlọ́dún méje kan, a di èjìká ẹ̀wù náà mú sókè, ọmọ bá yọ́ bọ́ gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ bí àwọn ọmọ yín ṣe tóbi sí mọ́ iye wọn.

Háà, ìbéèrè yín gan-an. SUBEB ni kí ẹ kọ ọ́ sí, torí ilé kíkọ́ àti pínpín tíṣà wà lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ̀dà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, sí Oríadé LCDA (ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀) bó bá jẹ́ abẹ́ wọn lẹ wà, àti sí aṣòfin tó ń ṣojú yín n'Íkẹjà. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé léèrè ibi tí rẹ́jísítà ọdún tó kọjá wà. Bí omi bá ti ń wọlé sí ọ́fíìsì rẹ̀ bíi tiwa, ẹ tètè ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀ lónìí.