Ẹdùn àrá: ṣé òkúta ojú ọ̀run ni?

Ìyá kan ní Àgbádárìgì béèrè pé: "Ẹdùn àrá méjì wà nínú ọpọ́n Ṣàngó tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ọmọ mi ní òkúta tó já láti ojú ọ̀run ni, èyí tí wọ́n ń pè ní meteorite. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ kú ìtọ́jú ohun ìní baba, mà. Rárá, kì í ṣe òun.

Ẹdùn àrá ni òkúta tí àwọn baba wa gbà pé Ṣàngó ń sọ sílẹ̀ bí àrá bá sán. Bí àrá bá lu ilé, àwọn Mọ́gbà, ìyẹn àwọn àwòrò Ṣàngó, ló ń wá hú u jáde, wọn a gbé e sínú ọpọ́n lórí odó, wọn a sì fi epo pupa sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀kan síwájú, kí ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Ó dán, ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì ti pọ́n ọn títí ó fi mú. Àáké ni. Àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ló ṣe é. Wọ́n hú irú rẹ̀ ní ihò Ìwó Ẹlẹ́ẹ̀rú nítòsí Àkúrẹ́, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw ti walẹ̀ lọ́dún 1965. Iyanrìn ni ilẹ̀ Àgbádárìgì, irú òkúta líle bẹ́ẹ̀ kì í hù níbẹ̀. Èèyàn ló gbé e wá láti ìlú òkè. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ẹni tó rí i nínú iyanrìn lẹ́yìn òjò fi ní ojú ọ̀run ló ti bọ́. Ibo ni kó tún ti wá?

Òkúta ojú ọ̀run gan-an yàtọ̀. Bí a bá gé èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, hóró róbótó-róbótó ló kún inú rẹ̀ bí ẹyin ẹja. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju mìlímítà kan lọ. Chondrule ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní bílíọ̀nù ọdún 4.5, ayé tí a wà yìí kò tíì parí nígbà náà. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, gáàsì àti eruku yí i ká. Ooru tó tó ìwọ̀n 1,500 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yọ́ eruku náà, ó di ẹ̀kán, ẹ̀kán náà sì dì láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ díẹ̀. Henry Clifton Sorby, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi maikirosíkóòpù wò ó, sọ lọ́dún 1877 pé ó dà bí ẹ̀kán òjò iná.

Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí gáàsì yẹn ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ hóró náà, olivine ló wà láàárín, pyroxene ló wà létí; oríṣi ohun méjì tó ń para pọ̀ di òkúta ni wọ́n. Sílíkọ́nì, èròjà kan tó wà nínú iyanrìn, sì pọ̀ ní etí ju àárín lọ. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ọwọ́ sí ni pé inú gáàsì ni ẹ̀kán náà ti fa sílíkọ́nì mọ́ra nígbà tó ṣì ń yọ́. Sodium, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, tó yẹ kí ooru ti lé lọ pátápátá ṣì wà nínú wọn, èyí tó fi hàn pé ohun tó yí wọn ká ki gan-an.

Wọn kò tíì fẹnu kò lórí ohun tó dá ooru náà sílẹ̀. Àwọn kan ní ìgbì líle ló gba inú gáàsì kọjá, àwọn kan ní àwọn ayé kéékèèké ló forí sọ ara wọn, àwọn mìíràn sì ní mànàmáná ni.

Mà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọ́ ẹdùn náà torí àtirí hóró. Ẹnu rẹ̀ tí wọ́n pọ́n ti tó ẹ̀rí. Bí ẹnìkan nílé bá ṣì rántí ibi tí bàbá ti rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀; ohun tí awalẹ̀pìtàn máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.