Ṣé ó tọ́ kí Ben Wallace, agbábọ́ọ̀lù Detroit Pistons tẹ́lẹ̀, wà nínú Hall of Fame bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n?

Ó tọ́ dáadáa, wọ́n sì ti fi í síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn tó ta yọ nínú eré náà, ní 2021. Ohun tó ń mú àwọn èèyàn jiyàn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù í jù sáwọ̀n. Ní ìpíndọ́gba, kò tó àmì 6 tó ń gbà nínú eré kan. Bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dí i lọ́wọ́ pàápàá, ó ju ìdajì lọ tí kì í wọlé (ẹ̀rín ni!). Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ẹ̀yìn ṣọ́ jù lọ ní NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà. Ní 1996, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó yàn án nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, síbẹ̀ òun ló dúró wámúwámú lẹ́yìn fún Detroit Pistons ní 2004 tí wọ́n fi na ẹgbẹ́ Lakers ti Shaquille O'Neal nínú àṣekágbá NBA, eré mẹ́rin sí ẹyọ kan (4-1).