Páálí eré ọmọlangidi mi ṣubú: ṣé kí n gbé iṣẹ́ fún káfíńtà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí: ọmọ ọdún 9, ọmọ ọdún 6 àti àbíkẹ́yìn tí kò tíì pé ọdún 3. Nígbà tí wọ́n gba họ́lídè, mo gé iwájú páálí tẹlifíṣọ̀n, mo lu fèrèsé sí i, mo ní kí n fi ṣeré ọmọlangidi fún wọn. A ò tíì dé ìdajì àlọ́ tó fi wó lù mí. Èyí àgbà wá ní, "Mọ́mì, a ti ń rí orí yín tipẹ́." Ṣé kí n lọ bá káfíńtà ni? Èlò ló máa ná mi? Ìyá ọkọ mi tún ní eré òyìnbó ni mo ń ṣe, pé kí n jókòó kí n pa àlọ́ fún wọn bí àwọn ṣe ń pa á. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ má tíì lọ bá káfíńtà. Tí wọ́n bá fi pákó kàn án, á wúwo, ẹ ò ní ríbi gbé e pamọ́ sí, ọjọ́ tó bá sì wó, orí ọmọ ló máa wó lé.

Ohun tó wó tiyín kò le. Iwájú páálí nìkan lẹ gé, ẹ sì fẹ́ kó dá nàró. Páálí pẹrẹsẹ kì í dá dúró. Ẹ̀yìn nìkan là ń gé kúrò. A ó fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀, a ó ṣí wọn sẹ́yìn díẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, àwọn ló máa gbé iwájú ró. Ẹ ká etí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọnú, kí ẹ to píọ̀ wọ́tà mẹ́rin lé e. Ọ̀rá kan jẹ́ 50 sẹ̀ǹtílítà, ẹ̀gbẹ́ kan á ní nǹkan bíi kílò méjì. Òùngbẹ tún lè gbẹ yín lẹ́yìn eré. Ṣùgbọ́n páálí fìríìjì ló ga tó láti bo àgbàlagbà. Ti tẹlifíṣọ̀n kúrú jù.

Èmi tí mo ti ń ṣeré ọmọlangidi fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ tẹ́ ẹní sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà, ẹ jókòó sílẹ̀, kí ọmọ àgbà fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára férémù níbi tí àtàrí yín dé. Ẹ fi ìkúùkù kan lé àmì náà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti kan ìṣó kan sí ọ̀tún àti ọ̀kan sí òsì, tí ẹ ó so igi mọ́ọ̀pù mọ́ ọn, tí ẹ ó sì fi ìró kọ́ sórí igi náà títí kan ilẹ̀. Okùn máa ń tẹ̀ láàárín, igi ló dára. Ìró náà kí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí aró tó ṣú. Ẹ má lo àǹkárá alárànbarà, torí aṣọ lọmọ á máa wò, kò ní í wo ọmọlangidi. Orí ẹní làwọn òǹwòran náà á jókòó. Ó dá mi lójú pé orí àga lẹni tó rí orí yín lọ́jọ́ náà wà.

Ìtàgé tán. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lo agbára yín sí ni ẹnu ọmọlangidi, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ òbí sì ti ń sáré kọjá. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tó ti ṣọnù lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ gé páálí róbótó tó tó àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ká a sí méjì, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ níbi ìka ẹsẹ̀. Ìka mẹ́rin á wà lókè, àtàǹpàkò á wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, àtàǹpàkò ni kí ẹ máa rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìka òkè lẹ ń gbé, ọmọlangidi á dà bí ẹni tó ń gé nǹkan jẹ, ojú rẹ̀ á sì máa wo àjà. Sílébù kan, ẹnu kan. Èdè wa rọrùn fún un: "Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo" jẹ́ ẹnu mọ́kànlá. Ẹ dúró níwájú dígí kí ẹ sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ á fi bá tiyín mu. Ọmọ ọdún 6 máa ń tètè mọ̀ bí ẹnu bá lọ síbòmíì.

Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ yín síwájú díẹ̀ kí ojú ọmọlangidi lè bá ojú òǹwòran pàdé. Ní ti ojú yìí, torí àbíkẹ́yìn yín, ẹ má lo bọ́tìnnì tàbí ìdérí ìgò, ó lè já kó gbé e mì. Ẹ fi máákà yà á, tàbí kí ẹ rán aṣọ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn Ìjàpá ńkọ́? Ẹ gé kíréètì ẹyin ihò mẹ́sàn-án, kí ẹ kùn ún. Kò sí káfíńtà tó lè gbẹ́ ẹ dára jùyẹn lọ.

Bí iná bá lọ, ẹ ṣeré òjìji. Ẹ fi aṣọ funfun tínrín kọ́ láti òkè férémù wá sórí igi mọ́ọ̀pù. Ẹ gé Ìjàpá àti Ajá látinú páálí, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ igi sùúyà tí ẹ ti ṣẹ́ ẹnu ṣóńṣó rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì fóònù kan ṣoṣo, tó ga ju orí yín lọ, ni kó wà lẹ́yìn yín. Tọ́ọ̀ṣì méjì á bí òjìji méjì. Bí páálí bá fara kan aṣọ, òjìji á mú rekete. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, á tóbi, á sì máa ṣú bàìbàì. Bí a ṣe ń sọ ìkà di òmìrán nìyẹn. Àbẹ́là àti àtùpà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló kù. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọlangidi tó ń mira kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Lórí agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin àti ìlú Yorùbá tó yí i ká, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń gbẹ́ ènìyàn àti ẹranko tí wọ́n ń jà, tí ẹni tó gbé agọ̀ ń fi okùn fà lábẹ́ aṣọ. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2001, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kwagh-hir, eré ọmọlangidi àwọn Tiv ní ìpínlẹ̀ Benue, lọ́dún 2019.

Síbẹ̀, Màmá ò jẹ̀bi, àlọ́ ló ṣe kókó. Ẹ fi wọ́n jókòó síwájú ìró, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa pa á. Ọmọ àgbà á di Yánníbo mú, ìkejì á dá orin, ẹ̀yin á máa la ẹnu Ìjàpá. Tí Màmá bá yí àlọ́ padà láàárín, ẹ sáré tẹ̀ lé wọn.